Oúnjẹ Tí A Bù De Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìyá mi kì í palẹ̀ oúnjẹ alẹ́ mọ́ láì bu ti ẹ̀gbọ́n mi. Abọ́ tánganran kan ni, ó ní òdòdó pupa létí. Ọmọrí tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ gan-an, ti ìkòkò kékeré kan tó ti jò ni. Ìyá mi á bu oúnjẹ sínú abọ́ yìí, á dé e, á sì gbé e sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí ebi bá kọ́kọ́ pa nínú agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé. Bíríkìlà ni. Ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, wọ́n ní tí àwọn bá dé Líbíà, àwọn á sọdá òkun. Ìgbà tó pè kẹ́yìn, ó ní ọkọ̀ àwọn máa gbéra wọ aṣálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí n bá òun kí màmá, kí a má sì gbàgbé àdúrà. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. A béèrè títí. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá a lọ padà wálé, ó ní ọkọ̀ tí òun wọ̀ kọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi wọ̀. Gbólóhùn yẹn ni ìyá mi dì mú.

Àwọn ẹbí ti sọ ọ́ rí pé kí a ṣe fìdáù, àdúrà òkú, fún un, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Ìyá mi kò bá wọn jà. Ó kàn ní, "Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rẹ̀ hàn mí ná." Kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Tíṣà ni mí, mo sì máa ń kọ ìwé ìtàn. Ilé-kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé oúnjẹ máa ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé sàárà wá fún àwa ọmọ kéwú, Alùfáà kì í jẹ́ kí a nawọ́ sí i títí yóò fi sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. "Ẹni tó lálàá tí kò yé e ló ni ẹ̀kọ yìí, ẹ ṣàdúrà fún un." "Ìyá ìkókó ló ni ẹ̀wà yìí, ẹ ṣàdúrà." À ń ṣe àmín, ojú wa ò kúrò lára abọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún wàláà ilé-kéwú yẹn àti tàdáà tí a fi ń kọ̀wé sí i. Ibẹ̀ ni ìwé ti wọ̀ mí lára.

Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìyá kan tó ń retí ọmọ rẹ̀ láti aṣálẹ̀, mo mọ̀ pé oúnjẹ ni yóò gbé ìtàn náà. Mo gbé abọ́ olódòdó pupa sínú rẹ̀. Ìparí ló dà mí láàmú. Nígbà tó yá, mo ní kí ìyá inú ìwé fọ abọ́ náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ó dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ó rẹ ẹ̀wà, kí ó dín àkàrà, kí ó sì pín in láti ojúlé dé ojúlé títí dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó. N kò kọ ọ́ síbì kankan pé ọmọ náà kú. Àkàrà ni mo fi sọ ọ́. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ ọ́, mo sì rò pé ohun tó bá ti pa òǹkọ̀wé lẹ́kún, ó dára nìyẹn.

Ìyá mi ni mo máa ń kọ́kọ́ ka ìwé mi fún, nítorí kéwú nìkan ni òun lè kà. Inú ààwẹ̀ ni. A ti kí ìrun aláásárì, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà àkàrà tí a ó fi ṣínu. Mo jókòó tì í, mo ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá inú ìwé ti ń lé adìyẹ tó fẹ́ ṣí ọmọrí abọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ adìyẹ yẹn. Olè ni, bó ṣe kéré tó yẹn."

Mo kà á dé ibi àkàrà. Ìyàwó ilé wa kan ń ru omi kọjá, ó dúró.

"Ta ló kú, bọ̀dá tíṣà? Arúgbó ilé wo ni wọ́n ń pín àkàrà rẹ̀?"

"Ìwé ni mò ń kà, ìyàwó."

"Ìwé! Mo ti ní ìṣínu tòní ti rí àfikún." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi, èèpo ẹ̀wà léfòó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká.

"Ọmọ inú ìwé yẹn, ṣé ó ti darúgbó ni?"

"Rárá, màmá. Ọ̀dọ́ ni."

"Ìyá tó bí i ló sì dín àkàrà rẹ̀?"

Lọ́dọ̀ wa, arúgbó tó fi ọmọ sáyé lọ ni a ń dín àkàrà fún. Bí ọ̀dọ́ bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń dáná ayẹyẹ níbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìyá mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Kí n tó mọ álífù ni mo ti mọ èyí. Àmọ́ ohun tí yóò dùn lójú ìwé ni mò ń wá, mo bá gbé oúnjẹ òkú arúgbó lé abiyamọ lọ́wọ́.

"O pa á," ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Aṣálẹ̀ ò tíì wá sọ fún wa pé òun pa á. Ìwọ wá pa á kí ìwé rẹ lè parí. O tún ní kí n bá ọ dín àkàrà rẹ̀."

"Màmá, ìyá inú ìwé ni, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ìyá inú ìwé ló ni abọ́ olódòdó pupa?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ó má bínú. Mo ní mo rò pé ìrètí rẹ̀ ni abọ́ yẹn dúró fún, pé ó sì yẹ kí ìrètí ní òpin nínú ìtàn.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìrètí ni? Oúnjẹ ni. Ọmọ mi ní ìpín nínú ìkòkò yìí. Bó bá wà láàyè, ìpín rẹ̀ ni. Bí Ọlọ́run bá sì ti gbà á, ẹni tó jẹ ẹ́ láàárọ̀ á sọ fún Ọlọ́run pé òun yó. Èmi ò mọ èwo ni. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Tèmi ni kí n bù ú."

Ó tún ti ọwọ́ bọ ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, àkàrà yẹn náà la fi ṣínu. Ó gbóná, iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo rí i tó dé abọ́.

Mo yọ àkàrà kúrò nínú ìwé. Ní ìparí tuntun, ìyá náà bu oúnjẹ, ó dé e, ó ṣe àlùwàlá, ó sì dìde kí ìrun ìṣáì. Ẹni tí yóò bá mi tẹ ìwé náà sọ pé ìtàn náà kò parí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí etí ìyá mi gbọ́ ti àkọ́kọ́ kí ó tó dé etí ayé.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, mo mú un padà wá, mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ mi. Mo rò pé inú rẹ̀ kò dùn sí i.

"Kí ló wà nínú abọ́ yẹn?"

"Oúnjẹ ni mo kọ, màmá."

"Oúnjẹ wo?"

"N ò sọ ọ́."

"Sọ ọ́. Iyán ni, ẹ̀gúsí ni ọbẹ̀ rẹ̀, kí pọ̀nmọ́ wà níbẹ̀. Kó o má lọ fi ilá sí i o. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í jẹ ilá."

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ bó ṣe wí.