Etí Ìyàwó Mi

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi kó kúrò ní Bantè wá ta iṣu ní Savalou, a kò gbọ́ èdè Mahi tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ rárá. Létí mi, ńṣe ni ọ̀rọ̀ wọn ń ṣàn bí omi. N kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Àgbà ni mo ti dà kí n tó wọ iléèwé, mo sì fẹ́ rí ọ̀rọ̀ lákọsílẹ̀ kí n tó pè é.

Ìyàwó mi kò kàwé. Bí obìnrin Mahi tó jókòó tì wá lọ́jà bá sọ̀rọ̀, ìyàwó mi á mú ìparí ọ̀rọ̀ náà, á tún un sọ sókè. Obìnrin náà, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín.

"Ará Bantè, ṣé iṣu gbígbóná ló wà lẹ́nu rẹ ni?"

"Òun ni o. Bá mi fẹ́ ẹ, kí o tún un sọ."

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ìyàwó mi ti ń fi Mahi bá wọn ṣàwàdà. Èmi ṣì ń tijú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, obìnrin ọjà náà wá jẹ́ iṣẹ́ tí ìyàwó mi rán an kẹ́yìn. Ẹkún kò jẹ́ kó rántí Yorùbá. Mahi ló ń sọ. Ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ náà yóò ṣàn kọjá lára mi. Mo mú ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo tún un sọ sókè. Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún, ó sì tún un sọ díẹ̀díẹ̀, títí mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀:

"Ẹ máa bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ yín; ìtìjú ló ń ṣe é."