Ọ̀nà Mọ́tò Tó Gba Oko Bàbá Mi

Òórùn kòkó tí a sá sórí ẹní ló máa ń kọ́kọ́ wọ imú wa láàárọ̀ ní abà wa, kí èéfín ìdáná tó dé. Ayé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ni. Àfonífojì ni abà náà wà, láàárín òkè méjì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan ṣoṣo ló sì ń gbé wa dé ìlú. Orí la fi ń ru kòkó gba ibẹ̀. Igi ńlá kan tó dábùú odò ni afárá wa.

Ọmọ ọdún méje ni mí láàárọ̀ ọjọ́ tí ejò bu ẹ̀gbọ́n mi, Ràfíátù, ṣán lẹ́sẹ̀. Bàbá gbé e pọ̀n, wọ́n ń sáré, èmi àti Màmá ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dé odò, omi òjò ti gbé igi náà lọ. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká gba orí òkè." Oòrùn ti kan àtàrí kí a tó rí òrùlé páànù ìlú lọ́ọ̀ọ́kán. Màmá fọwọ́ kan Ràfíátù lẹ́yìn Bàbá, wọ́n ní, "Bàbá Ràfíátù, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ti lọ."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó ń wọn ọ̀nà mọ́tò dé pẹ̀lú èèkàn àti okùn. Gbogbo àgbẹ̀ yarí, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n gé kòkó òun. Bàbá dìde láàárín wọn: "Ẹ jẹ́ kó gba inú oko tèmi." Bàbá sì fi ọwọ́ ara wọn gé igi tí èmi àti Ràfíátù máa ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀.

Mo kọ oúnjẹ. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti gbàgbé Ràfíátù."

Wọn ò nà mí. "Sìdí, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Wọ́n mú àdá, wọ́n padà sídìí iṣẹ́.

Ọjọ́ tí lọ́rì kọ́kọ́ dé, gbogbo ará abà ló jó ijó ayọ̀. Bàbá nìkan ló dúró létí ọ̀nà, tí eruku bò wọ́n.

Ọdún ń gorí ọdún, mo di ará Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ kan nínú ilé káńsù wa, gìrì gbé àbígbẹ̀yìn mi. Mo pe áńbúláǹsì. Kí n tó rí ìborùn mi, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ Yorùbá ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, she's okay. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ tètè dé."

Orí àga ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo sunkún Bàbá, tí wọ́n ti kú tipẹ́. Igi nìkan ni mo rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, n kò rí ọ̀nà tí ìbá gba Ràfíátù là. Èmi ti di ìyá àgbà báyìí, mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí Bàbá wà nígbà náà lọ, ó sì wù mí kí n kúnlẹ̀ kí n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí n óò kúnlẹ̀ fún mọ́.