Òùngbẹ Ìyàwó Gánà

Mo yà kí ojúlùmọ̀ mi kan ní Ìlọ́bù níjelòó, wọ́n sì fún mi ní omi inú ọ̀rá tó tutù dáadáa. Mo fi eyín já a, mo fà á mu, òórùn kẹ́míkà sì gba imú mi lọ tààrà. Ẹ̀rín pa mí. Ká ní ìyá mi ló mu irú omi yìí ni, ojú rẹ̀ ì bá fà ro, á sì ní, "Eléyìí ò lè ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ọtí tí wọ́n ń fi àgbàdo tó ti hù pọn ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Òun nìkan ni iṣẹ́ tí ìyá mi mú bọ̀ nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gánà, tí a padà sí agboolé bàbá mi ní Ìlọ́bù pẹ̀lú ẹrù tí kò tó nǹkan. Ọmọ mẹ́rin ni wá. Bàbá mi ti sọ ọ́ pé bí òwò náà kò bá gbérí, òun á pín wa sọ́dọ̀ ẹbí. Wọ́n ti yà mí sọ́tọ̀ fún ìyá kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí òkìkí ẹgba rẹ̀ ti kàn mí létí, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Ìkòkò àkọ́kọ́ bàjẹ́. Omi kànga agboolé wa ni ìyá mi fi pọn ọ́n, ó dúdú bí omi aró, ó sì ń run irin. Omi ẹ̀rọ ìjọba, tó ń run kẹ́míkà, ló fi ṣe èkejì. Ìyẹn kò tilẹ̀ hó, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tí kò gbọ́ èdè. Ìyá bàbá mi ní ọwọ́ ìyàwó ni kò dáa. Ìyá mi ní kò sóhun tó ṣe ọwọ́ òun, omi ni. Olóríkunkun ni, mo sì jogún rẹ̀.

Ìgbà náà ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í fi omi du àlejò nílẹ̀ wa. Ìyá mi á wọ agboolé kan, á kúnlẹ̀, á kí wọn títí dé orí ewúrẹ́ wọn, wọ́n á sì bu omi fún un. Á gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fúngbà díẹ̀, á gbé e mì, á dúpẹ́, ó di ilé kejì. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń sọ pé, "Òùngbẹ ìyàwó Gánà yìí mà pọ̀ o! Àbí ó ti fẹ́ra kù ni?" Ìyá bàbá mi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀, ó sì ń bu ẹran ńlá fún un. Ìyá mi ń jẹ ẹran náà ní tirẹ̀.

Ìfọ́n, ìlú tó bá wa pààlà, ló ti rí ohun tó ń wá. Ó mú mi dání lọ sọ́jà ibẹ̀, a sì yà sílé ìyá àgbàlagbà kan tó ní kànga inú òkúta. Ìyá mi mu igbá kan, ó dijú, ó tún tọrọ òmíràn.

"Ọmọ Ìlọ́bù, ṣé omi ti tán nílùú yín ni?" ìyá àgbà náà bi í.

"Ó wà, mà. Kì í ṣe irú èyí ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa fi pọntí ni."

Àyà mi já, torí kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ìlú méjèèjì ń du ilẹ̀. Ìyá àgbà náà wò wá títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilẹ̀ là ń bá yín jà sí, a ò tíì dé orí omi. Ó yá, máa pọn tìẹ."

Ìkòkò kẹta hó. Ìyá mi fi etí lé ara ìkòkò náà, ó ní kí èmi náà wá gbọ́ bó ṣe ń dún ṣìì, ṣìì. Bàbá mi mu ife kan, ó na ife padà. Ìyá rẹ̀ mu tirẹ̀, ó wo ikùn ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mí kanlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Lónìí, kànga ẹ̀rọ wà lójúlé-ojúlé, ìyá àgbà Ìfọ́n yẹn ti sùn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà sì le débi pé ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo mọ̀: ọtí tí Ìlọ́bù mu, tí wọ́n mu tí wọ́n ń yin ìyá mi, omi Ìfọ́n ló wà nínú rẹ̀. Òun ló bọ́ wa. Wọn kò pín ẹnikẹ́ni nínú wa fún ẹbí mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dàgbà sí, títí tí oníkálùkù fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé.