Nótíìsì Tí Wọ́n Fi Àdúrà Ṣe

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn kan ní Thamesmead, nílùú òyìnbó, tí mo máa ń bá àwọn ayálégbé wo nótíìsì tí onílé fún wọn, bóyá ó bófin mu tàbí kò bófin mu. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Wọ́n kàn kọ́ wa ní ohun tí a ó máa wò ni, mo sì fẹ́ràn láti máa tú nǹkan wò. Ọkọ mi ní òfíntótó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé kan, obìnrin kan wọlé, ojú rẹ̀ ti wú. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń gbé ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birchmere Park. Ó ní kí n bá òun wá yàrá, pé onílé fẹ́ kí àwọn kó jáde kí oṣù tó parí. Ìdánwò ọmọ náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Mo bi í pé, "Nótíìsì náà dà?"

"Auntie, kò sí ìwé o. Àdúrà ni wọ́n fi ṣe é."

"Wọ́n fi kí ni?"

Ó wá ṣàlàyé. Alàgbà ni onílé rẹ̀ nínú ìjọ wọn. Ọkùnrin náà wá kí wọn nílé lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé wọn lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ pé, "Olúwa, ọmọkùnrin mi fẹ́ gbé ìyàwó wá sínú ilé yìí. Fún ọmọbìnrin rẹ yìí ní ilé tó tóbi ju èyí lọ kí oṣù yìí tó parí!"

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ṣe àmín, Auntie. Àmín gidi. Ìgbà tí mo dìde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun tó ń sunkún náà sì bá mi rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó padà sílé kó lọ fọkàn balẹ̀, ó kọ̀. Ó ní òun ti ṣe àmín níwájú Ọlọ́run, òun ò lè yí i padà, àní òun ti di ẹrù. Inú wá bí mi wàyí, kì í ṣe sí i o, sí alàgbà ni. Ta ní ń fi orúkọ Ọlọ́run lé ènìyàn síta? Mo là á yé e pé nótíìsì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé bí òfin ṣe là á sílẹ̀, kó sì fún un ní àkókò tó tó láti wá ibòmíràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá tiẹ̀ pé, adájọ́ nìkan ló lè ní kí wọ́n lé e. Àdúrà ò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ bá mi lọ bẹ̀ wọ́n."

"A ò ní bẹ̀ ẹ́. A máa lọ kí i ni."

Woolwich ni alàgbà ń gbé, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò sọdá. A kúnlẹ̀ kí i, nítorí àgbà ni, mi ò sì ní torí òfin gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé tí mo ti ń tò sẹ́nu láti inú bọ́ọ̀sì, ni obìnrin náà bá fọwọ́ kàn mí léjìká. Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà.

"Daddy," ó ní, "ẹ ṣé fún àdúrà yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ilé tó tóbi ju yẹn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ gba ilé yín, ẹ fún mi ní proper notice. Before then, mi ò lọ, sà."

Alàgbà ń wò mí, èmi ń wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í. Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Mo ní kí ọmọ yín lọ gba ilé fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ láya, kò sì ní í lè sanwó ilé?"

Alàgbà họ orí. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́, kí ọmọ òun lọ wá ilé tirẹ̀. Inú mi dùn dé ibi pé mo kí i ní ìkúnlẹ̀ mìíràn.

Bí a ṣe jáde síta, ọmọ obìnrin náà pè é lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mum, are we still moving?"

"Moving kẹ̀?" ìyá rẹ̀ pariwo, àwọn tó ń kọjá yíjú wò wá. "Tú ìkòkò jáde jàre, kí o gbé ìrẹsì kaná. Mò ń bọ̀ nílé wa."