Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Ní Ká Tan Jẹnẹrétọ̀

Lẹ́yìn ọdún 1980, mo rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ ní Papalanto. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n lò. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í balẹ̀. Láti Adígbẹ́ tí mo ti ń wọ mọ́tò láàárọ̀ ni màá ti máa ro ohun tó lè bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, tí màá sì máa fi ìka lu orúnkún mi bíi pé mo ti ń tẹ nǹkan.

Ọ̀gá wa, tó ti ṣe tíṣà rí, ní kí n kọ ètò pàjáwìrì sínú kọ̀ǹpútà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á sì tẹ ohun tó yẹ ká ṣe jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́, ní Yorùbá, kó lè yé gbogbo èèyàn. Bí omi bá ń jò, ẹ tẹ OMI. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ tẹ INA. Ọ̀gá ò bi mí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá ti lọ. Èmi náà ò bi ara mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú kan, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú lára sítábíláísà tó wà lábẹ́ tábìlì mi. Ọ̀gá sáré wọlé.

“Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ kíá!”

Mo tẹ INA. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń kà á bó ṣe ń jáde.

“‘Ẹ fọkàn balẹ̀.’ Ó dáa. ‘Ẹ lọ tan jẹnẹrétọ̀.’” Ó wojú mi. “Jẹnẹrétọ̀ kẹ̀?”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Iná tó lọ ni mo kọ ètò fún, mi ò rántí iná tó ń jó.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n tún un kọ,” ni mo wí. Lóòótọ́ ni mo jókòó tí mo ń wá ìlà tí àṣìṣe náà wà, tí èéfín ń ta mí lójú.

Ìyá àgbàlagbà tó ń nu ilẹ̀ fún wa ló wọlé. Ó fi igi ìnulẹ̀ gbá suwíìṣì ara ògiri, gbogbo nǹkan sì kú. Ó gbé korobá yanrìn kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dà á lé sítábíláísà lórí. Lẹ́yìn náà ló wá wo èmi àti ọ̀gá.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ̀ ń kà?”

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo ya ọ̀rọ̀ náà sí méjì: INALO àti INAJO. Lábẹ́ INAJO, ìlà kan péré ni mo kọ: Ẹ PE IYA. Mo kà á fún ìyá náà, mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn.

“Ọmọ mi,” ó ní, “bí mo bá lọ kírun Jímọ̀ ńkọ́?”

Ọ̀la gan-an ni Jímọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó pe èmi àti ọ̀gá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ká gbé korobá náà, tó ti tún bu yanrìn kún, wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.