Màmá Tí A Ní Ó Wà ní Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá wù ú lè pè mí ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Tí ilé ìwòsàn bá ti ní kí aláìsàn máa lọ sílé, èmi ni mo máa ń lọ bá a níbẹ̀, kí n wẹ egbò, kí n wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Àdúgbò Ọgbà ni bàbá tí mò ń sọ yìí ń gbé. Àtọ̀gbẹ ló dá egbò sí wọn lẹ́sẹ̀.

Bàbá ṣì wà ní ilé ìwòsàn nígbà tí ìyàwó wọn kú. Àwọn ẹbí sin màmá láìsọ fún bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Bùkọ́lá ọmọ wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì, bẹ̀ mí.

"Antí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní màmá wà ní Ìjẹ̀bú. BP wọn ò lè gbà á."

Mo gbà. Mo ti bá àwọn mìíràn pa irú irọ́ yẹn rí, n ò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n bàbá ò yéé pe ìyàwó wọn. Bí mo bá ń wẹ egbò lọ́wọ́, wọ́n á kọjú sẹ́nu ọ̀nà: "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ o!" Àánú wọn máa ń ṣe mí débi pé n kì í lè wo ojú wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Bùkọ́lá ti lọ síbi iṣẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá màmá arúgbó kan létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fún bàbá ní ẹ̀kọ gbígbóná. Màmá Bùkọ́lá ti kú kí n tó mọ ilé náà, mo rò pé ẹbí kan ló wá láti ìlú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi.

Màmá náà fẹnu sí mi létí.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ìwọ lo ní mo wà ní Ìjẹ̀bú?"

Ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ mi dúró lórí egbò.

"Ojoojúmọ́ ló ń pè mí. Ṣé kí n má jẹ́ ẹ ni?"

Màmá gbé abọ́, wọ́n wọ kíṣíìnì lọ. Mo tẹ̀lé wọn. Kò séèyàn níbẹ̀. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bó ṣe máa ń wà. Nígbà tí mo padà, ẹ̀kọ ṣì wà létè bàbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i pé ó ti dé?"

Mo pe Bùkọ́lá, mo ní kó wá sọ òótọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. "Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á kú, antí."

Kò purọ́, èmi ni mo ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn. Tí a bá sọ, ó lè pa wọ́n. Tí a ò bá sọ, wọ́n á máa pè é, òun náà á máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sú mi, kò sì sí oògùn rẹ̀ nínú báàgì mi.

Láàárọ̀ yìí bàbá pè mí lórí fóònù, ohùn wọn le koko. Wọ́n ní kí n má wá mọ́, ẹsẹ̀ ò dun àwọn mọ́ rárá, Àbẹ̀kẹ́ ti wẹ̀ ẹ́. Mo ti pe Bùkọ́lá títí, kò gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òkú pamọ́ fún ẹni tó lè pè é.