Àmín Tí Ẹ̀gbọ́n Morọ́láyọ̀ Dá Dúró

Ẹ̀yin tèmi, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Nọ́ọ̀sì ni Ẹ̀gbọ́n Morọ́láyọ̀ tó ń gbé Castleridge, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kejì ló ń wú mi lórí jù: òun ló ń tọ́jú group ímeèlì àwa Yorùbá northeast Calgary, ní Canada níbí.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, inú group yìí la ti ń gbọ́ ibi tí iṣẹ́ wà. Bùọ̀dá Dàpọ̀, ẹnjiníà tí layoff bá lójijì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kì í yé wo ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àjèjì kan já wọlé, ó ń polówó tíì tó ń fa ikùn wọlé. Àdúrà ló fi bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ wa. Lọ́dún yẹn kẹ̀, ta ni ò ní ṣe àmín? Gbogbo wa tẹ reply all, tó ń gbé èsì ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ gbogbo group. Àmín lórúkọ Jésù. Àmín yà Rabi. Àwọn kan tiẹ̀ gbàdúrà padà fún un! A ò mọ̀ pé àmín kọ̀ọ̀kan ń sọ fún ọlọ́jà náà pé èèyàn wà nídìí àdírẹ́sì yìí. Kò pẹ́ tí onírun wig dé, tí onílẹ̀ dé, kálukú pẹ̀lú àdúrà tiẹ̀.

Abẹ́ òkìtì yẹn ni ọ̀rọ̀ Mardiyah, ọ̀kan nínú wa, sùn sí. Ó kọ ọ́ pé ibi iṣẹ́ òun ní Airdrie, ìlú tó wà nítòsí wa, ń wá ẹnjiníà, pé Friday ni wọn ò ní gba CV mọ́. Bùọ̀dá Dàpọ̀ ò rí i. Ariwo ti sú u, ó ti dẹ́kun wíwò. Ẹ̀gbọ́n ló hú u jáde lábẹ́ àmín wa, ló bá pe Bùọ̀dá Dàpọ̀ lórí fóònù. Friday náà gan-an nìyẹn. CV rẹ̀ lọ kílẹ̀ tó ṣú.

Ni Ẹ̀gbọ́n bá dábàá òfin kan: a ò gbọ́dọ̀ fèsì fún ọlọ́jà tá ò mọ̀ rí, àlejò ò sì ní kọ̀wé síbẹ̀ àfi kí ẹnì kan nínú wa mú un wọlé, kó ní òun mọ̀ ọ́n.

Inú bí Bàbá Akínbámi, àgbà wa. Ó ní èèwọ̀ ni kí wọ́n ṣàdúrà fúnni kéèyàn dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò bá a jà lórí group. Ó wa mọ́tò nínú snow lọ sílé Bàbá, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ ṣe àmín yín kíkankíkan, inú pálọ̀ yín níbí. Ọlọ́run ò nílò reply all kó tó gbọ́.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. “Ìwọ ọmọ yìí, o ti lé mi kúrò lórí kọ̀ǹpútà.” Àmọ́ orúkọ Bàbá ló wà lábẹ́ òfin náà nígbà tó jáde. Ta ló fẹ́ tako àgbà?

Bùọ̀dá Dàpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Airdrie báyìí. Group wa mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló wà lókè. Ẹ má gba tẹnu mi lásán: ẹ wá ẹni tó mọ̀ yín, kó mú yín wọlé, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.